Ẹ̀fọ́ Tí À Ń Tà, Ṣé À Ń Jẹ ẹ́?

Bí ẹnì kan bá ṣubú nídìí igbá, tí apá òun ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, a ó ní aráyé ló ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Gánà àti Amẹ́ríkà, wá ìdí rẹ̀. Ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n fi ẹni 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọ lù wé ẹni 2,118 tí kò kọ lù. Ọdún 2018 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú. Kì í sábà dunni, ibi tó ti burú nìyẹn: èèyàn á máa tà, á máa rà, kò ní mọ̀, àfi bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, iyọ̀ tí à ń bù sórí oúnjẹ tó ti jinná, àti ìrònú (ta ni kò jẹ gbèsè nínú wa?).

Ẹ̀fọ́ ló yà mí lẹ́nu. Ewu náà pọ̀ fún ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewúro tí à ń wọ́n omi sí látàárọ̀, tí a ó wá fi búrẹ́dì àti ẹran díndín panu nídìí rẹ̀!

Tèmi ga nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Oògùn ni mo ń lò lálaalẹ́ báyìí, iyọ̀ sì ti kúrò lórí tábìlì mi.