Àwọn Ìtàn Bíbélì Tó Wà Lára Ògiri ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1824, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san £57,000 fún àwòrán 38 tí John Julius Angerstein, gbajúmọ̀ oníṣòwò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, fi sílẹ̀. Àwọn àwòrán yẹn ni wọ́n fi dá National Gallery sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n wá ń fún wọn ní nọ́ńbà, àwòrán àjíǹde Lásárù ló gba nọ́ńbà kìn-ín-ní. Lónìí, àwòrán tó wà nínú ilé ńlá tó kọjú sí gbàgede Trafalgar yìí ti lé ní 2,300, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló sì dá lórí ẹ̀sìn Kristẹni.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi rí, yálà ní Abẹ́òkúta tàbí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ó mọ Dẹ̀lílà. Ó mọ ọba Bẹliṣásárì. Ó mọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjì tó forí lé Emáúsì. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kò gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dàgbà mọ́, síbẹ̀ ìfẹ́ láti gbọ́ ọ kò tíì tán lọ́kàn wọn. Ní ọdún 2000, Neil MacGregor, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé náà nígbà yẹn, ṣe ìpàtẹ kan lórí bí àwọn ayàwòrán ṣe ń ya Jésù láti ayé àtijọ́. Àwọn èrò tó lé ní 350,000 ló wá wò ó.

Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, àwọn amọ̀nà sì máa ń wà tí wọ́n ń mú èèyàn káàkiri lọ́fẹ̀ẹ́. Amọ̀nà tó bá mọṣẹ́ kì í gbìyànjú láti fi gbogbo yàrá han àlejò. Àwòrán mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó fún wákàtí kan. Kì í sì í sáré dárúkọ ayàwòrán. Ìbéèrè ló fi ń bẹ̀rẹ̀: Kí lẹ rí? Kí ni Bíbélì sọ? Kí ni ayàwòrán fi kún un? Ìbéèrè kẹta yìí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, torí pé Bíbélì kì í fi bẹ́ẹ̀ ròyìn aṣọ, ojú tàbí ilé tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ayàwòrán kò lè ya Sámúsónì láìpinnu irú ibi tó sùn sí. Ibi tí Ìwé Mímọ́ bá ti dákẹ́, dandan ni kí ẹni tó ń yà á sọ̀rọ̀.

Lásárù tó gba nọ́ńbà kìn-ín-ní yẹn jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Sebastiano del Piombo ló yà á ní Róòmù láàárín 1517 sí 1519. Kádínà Giulio de' Medici, ẹni tó padà di póòpù, ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ fún kàtídírà Narbonne ní ilẹ̀ Faransé. Kádínà yìí kan náà tún gbé iṣẹ́ àwòrán mìíràn fún ayàwòrán Raphael lákòókò yẹn, ni ọ̀rọ̀ bá di ìdíje. Michelangelo, tí òun àti Raphael kò jọ rẹ́, gbè sẹ́yìn Sebastiano, ó sì bá a ya bí ara Lásárù yóò ṣe rí sórí ìwé kí ó tó gbé e sára àwòrán. Ìdí nìyẹn tí òkú ọjọ́ mẹ́rin fi taagun bí oníjàkadì. Ṣùgbọ́n Sebastiano kò gbàgbé ohun tó wà nínú Jòhánù orí 11, níbi tí Màtá ti sọ fún Jésù pé òkú náà á ti máa rùn. Àwọn obìnrin tó dúró lẹ́yìn fi aṣọ bo imú. Nínú àwòrán tó ga tó nǹkan bíi mítà mẹ́rin, imú tí wọ́n bò yẹn ló jẹ́rìí pé lóòótọ́ ni Lásárù kú.

Ti Rubens tún gba àròjinlẹ̀. Láàárín 1609 sí 1610 ló ya Sámúsónì àti Dẹ̀lílà, lẹ́yìn tó ti Ítálì padà sí Antwerp, ìlú rẹ̀. Nicolaas Rockox, tó ti jẹ olórí ìlú náà, ló ni ín. Òkè ibi ìdáná nínú ilé rẹ̀ ló gbé e kọ́ sí. Àwọn Onídàájọ́ orí 16 sọ pé Dẹ̀lílà mú Sámúsónì sùn lórí eékún rẹ̀, ó sì pe ọkùnrin kan wá láti fá irun rẹ̀. Bíbélì kò sọ iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe. Rubens sọ ọ́ di onígbàjámọ̀ tó mọwọ́ yí sísọ̀, tó ń fi ọwọ́ kan gbé irun sókè tó sì ń fi ìkejì gé e. Àwọn ọmọ ogun Filístínì ti pé lẹ́nu ọ̀nà, iná ògùṣọ̀ wọn ń tàn.

Ta wá ni ìyá arúgbó tó di àbẹ́là mú lẹ́yìn wọn? Kò sí nínú Bíbélì. Ojú rẹ̀ jọ ti Dẹ̀lílà, àwọn kan sì gbà pé Rubens ń fi ohun tí ọ̀dọ́mọbìnrin náà máa dà lọ́jọ́ iwájú hàn ni. Bíbélì sọ iye tí àwọn ìjòyè Filístínì ṣèlérí fún Dẹ̀lílà, owó fàdákà 1,100 láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n kò sọ bí ó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Rubens gbé ọwọ́ rẹ̀ kan lé ẹ̀yìn Sámúsónì jẹ́jẹ́. Bóyá ìfẹ́ ni, bóyá ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà jí ni, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń wò ó.

Ní ti àsè Bẹliṣásárì, ìbéèrè tí Dáníẹ́lì orí 5 fi sílẹ̀ ni Rembrandt gbìyànjú láti dáhùn. Ọba kó ohun èlò wúrà àti fàdákà tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù jáde, ó ń fi wọ́n mutí, ni ọwọ́ kan bá yọ, ó ń kọ̀wé sára ògiri. Àwọn amòye Bábílónì kò rí i kà. Kí ló dé? Ìdáhùn kan wà láàárín àwọn Júù, Menasseh ben Israel, rábì àti atẹ̀wé tó ń gbé Amsterdam nígbà ayé Rembrandt, sì wà lára àwọn tó sọ ọ́: láti òkè wá sísàlẹ̀ ni wọ́n to lẹ́tà náà, kì í ṣe láti apá ọ̀tún sí apá òsì bí Hébérù ṣe máa ń rí. Bí Rembrandt ṣe kọ ọ́ sínú àwòrán náà nìyẹn, ní nǹkan bí 1636 sí 1638, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣi lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kọ.

Ó tún yí ohun mìíràn padà. Dáníẹ́lì sọ pé ìwé náà wà ní ọ̀kánkán fìtílà. Rembrandt gbé fìtílà kúrò, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa ti inú ìwé náà gan-an jáde. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló tàn sórí láwàní àti aṣọ wúrà ọba. Obìnrin kan lápá ọ̀tún fi ẹ̀rù fà sẹ́yìn, ọtí inú ife rẹ̀ sì ń dà sílẹ̀.

Caravaggio náà ya oúnjẹ alẹ́ tó wáyé ní Emáúsì, èyí tó wà nínú Lúùkù orí 24. Ọdún 1601 ni. Jésù tó wà nídìí tábìlì kò ní irùngbọ̀n, ó jọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnikẹ́ni lè má fura sí. Èyí kò ta ko Bíbélì: Máàkù orí 16 sọ pé ó fara hàn wọ́n ní ìrísí mìíràn. Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjèèjì na ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni fẹ́ jáde kúrò nínú àwòrán. Ìkarahun àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ilẹ̀ Yúróòpù wà láyà aṣọ rẹ̀, àṣà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Jésù. Onílé èrò tó gbé oúnjẹ wá dúró gbagidi, fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lúùkù kò mẹ́nu kan onílé èrò kankan. Apẹ̀rẹ̀ èso kan sì wà létí tábìlì, ó kù díẹ̀ kó já bọ́. Ní 1672, Bellori, tó kọ ìtàn àwọn ayàwòrán, bínú sí èso yẹn: àsìkò Ọjọ́ Àjíǹde kọ́ ni èso àjàrà àti pómégíránétì máa ń jáde.

Àwọn ayàwòrán wọ̀nyí kò sì rò pé dandan ni kí ìtàn Bíbélì rí bí ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Nínú Ìrìbọmi Jésù tí Piero della Francesca yà ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ìlú tó hàn lẹ́yìn odò Jọ́dánì jọ Sansepolcro, ìlú tí wọ́n ti bí ayàwòrán náà ní Ítálì. Ojú odò ilé rẹ̀ ló ti rí Jòhánù Onítẹ̀bọmi.

Ohun tí àṣà yìí bí hàn kedere nínú àwòrán àwọn amòye láti ìlà-oòrùn tí Jan Gossaert yà láàárín 1510 sí 1515. Mátíù orí 2 kò pè wọ́n ní ọba, kò sọ pé mẹ́ta ni wọ́n, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ̀bùn mẹ́ta ló kà: wúrà, tùràrí àti òjíá. Ìtàn tó wá láti ìran dé ìran ló sọ wọ́n di ọba mẹ́ta, tó fún wọn lórúkọ, tó sì sọ ọ̀kan di adúláwọ̀. Gossaert gbé Bálításárì dúró lápá òsì, ọba dúdú tó gbé ẹ̀bùn rẹ̀ lọ́wọ́ tìyìtìyì, orúkọ rẹ̀ sì wà lára adé rẹ̀. Ara adé yẹn kan náà ni Gossaert kọ orúkọ tirẹ̀ sí. Nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, ilé náà ṣe ìpàtẹ kan lórí àwòrán kan ṣoṣo yìí. Akéwì tí wọ́n pè láti fún Bálításárì ní ohùn ni Theresa Lola, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n ti fi ojú ìbílẹ̀ wo ìtàn Bíbélì ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fadá Kevin Carroll sì wà lára wọn. Wọ́n kó àwọn agbẹ́gilére Yorùbá jọ, George Bándélé àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Lamidi Fákẹ́yẹ, wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Lamidi, síbẹ̀ ó gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, àwọn amòye Mátíù di ọba Yorùbá tó dé adé. Ẹni tó bá sì wà ní Ìbàdàn kò nílò físà láti rí iṣẹ́ Lamidi: ó wà lára ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn Kátólíìkì inú Yunifásítì Ìbàdàn.

Ojoojúmọ́ ni National Gallery máa ń ṣí láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àyàfi àsìkò Kérésìmesì àti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àwọn àwòrán náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ẹni tó bá ní fóònù lè fẹ̀ wọ́n títí yóò fi rí ìka onígbàjámọ̀ Rubens. Kí ó kọ́kọ́ ka orí Bíbélì tí àwòrán náà ti wá, kó tó ṣí i. Mẹ́rin tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ni Àwọn Onídàájọ́ 16, Dáníẹ́lì 5, Lúùkù 24 àti Jòhánù 11.