Kí O Tó Wọ Ọkọ̀ Òkìtìpupa

Lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi parí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ní àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ní Ìkàrẹ́-Àkókó, ó pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti pín in sí ilé ìwé kan lábúlé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ìbàdàn la bí i sí, Ìbàdàn náà ló ti kàwé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má ṣèyọnu o. Ṣebí Yorùbá náà ni wọ́n." Ọ̀rọ̀ tó fi ń tù mí nínú yìí gan-an ló kó mi láyà sókè. Ká ní Sókótó ni wọ́n gbé e lọ ni, ì bá ti máa béèrè irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Nítorí pé Yorùbá ni, kò béèrè nǹkan kan.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ni ní agbègbè Òkìtìpupa. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ gbé omi wá fún mi. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi náà kalẹ̀, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí. Kò sí "ẹ", kò sí "yín". Inú bí mi. Mo ti lanu láti bá a wí kí n tó ṣàkíyèsí pé orúnkún rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, pé kò tíì gbójú sókè wò mí. Ọmọ tó ń rí àgbà fín kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka èdè Yorùbá tí Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Oǹdó ń sọ kò ní "ẹ" ọ̀wọ̀ tí àwa ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ fi ń pọ́n àgbà lé. "Àn án wá" lẹ́nu wọn lè jẹ́ "ẹ wá", ó sì lè jẹ́ "wọ́n wá". Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà fún, kì í ṣe fún ọ̀wọ̀. Ara ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀: orúnkún, ohùn, ojú. Àwọn ọ̀dọ́ wọn púpọ̀ ti ń lo "ẹ" báyìí nítorí ilé ìwé àti rédíò. Síbẹ̀, olùkọ́ tó bá na ọmọ nítorí pé ó pè é ní "ìwọ", ọmọ tó ṣe ohun tí ilé kọ́ ọ ló nà yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ wọn ṣe rí. O mọ gàrí, o mọ làfún. Pupuru ni ìkẹta wọn, ẹ̀gẹ́ kan náà ni wọ́n fi ṣe é. Mo jókòó ti ìyá kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wo bó ṣe ń ṣe é. Ó ti rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin títí tó fi rọ̀, ó ti yọ okùn àárín rẹ̀, ó ti dì í sínú àpò, ó gbé òkúta lé e kí omi lè ro kúrò. Ó wá ń fi ọwọ́ mọ ọ́n ní ìṣù-ìṣù, ó ń tò ó sórí àjà lókè iná. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ìṣù náà á dúdú bí èédú. Ó mú ọ̀bẹ, ó ń ha á, dúdú ń bọ́ sílẹ̀, funfun ń yọ. Funfun yìí ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń kù, tí wọ́n fi ń ro òkèlè. Oòrùn ni Ẹ̀gbá ń sá làfún sí. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ sún mọ́ òkun, òjò kì í jẹ́ kí oòrùn ráyè, iná ni wọ́n fi ń gbẹ tiwọn. Òórùn èéfín wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó, ọbẹ̀ dúdú yẹn, má fajú ro. Jẹ ẹ́. Ṣebí lẹ́yìn ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 ni Gowon, olórí ìjọba ológun nígbà náà, dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀, ní oṣù Karùn-ún 1973, kí ọ̀dọ́ ibì kan lè jẹun nílé ará ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ojú ríro yìí kì í ṣe kékeré. Ní oṣù Kẹwàá 1961, ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Margery Michelmore, ẹni ọdún 23, wà ní yunifásítì Ìbàdàn. Ó wà lára àwọn Peace Corps àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Kennedy rán wá síbí láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ó kọ káàdì sí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ nílé, ó ròyìn ìdọ̀tí àti ìṣẹ́ tó rí nígboro. Káàdì náà jábọ́ kó tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan he é, wọ́n dà á kọ, wọ́n pín in kiri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fárígá pé kí gbogbo wọn máa lọ. Ọmọ náà padà sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì ṣiṣẹ́. Mo gbà pé kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló kọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á lálejò lè kàwé. Lónìí, fóònù ni káàdì. Bí o bá ya ilé alámọ̀ baálẹ̀ tí o gbé e sórí Facebook pẹ̀lú àmì ẹ̀rín, ọmọ baálẹ̀ tó wà ní Èkó á rí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Má sì yára dájọ́ ìgbàgbọ́ wọn. Ní oṣù Kẹrin 2015, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè: orí á fọ́, ojú á ṣú, ènìyàn á dákú, á sì kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Èèyàn méjìdínlógún kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan ní òòṣà Málòkun ló ń bínú, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ja ilẹ̀kùn ojúbọ rẹ̀. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé májèlé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé ẹni tí ará abúlé bá fọkàn tán nìkan ni wọ́n á jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnì kan ti ń ṣàárẹ̀ láti àná. Ẹni tó ti fi òòṣà wọn ṣẹ̀sín kò ní gbọ́ títí wọ́n á fi sin òkú.

Ní ti ẹrù, kò pọ̀. Ọdún gbọọrọ ni ọ̀pọ̀ ìlú gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà láìní iná ọba, nítorí náà ra iná sólà tó dára. Mú àwọ̀n ẹ̀fọn, bàtà òjò, oògùn ibà, kí o sì máa se omi kí o tó mu ún. ₦77,000 tí ìjọba ń san lóṣù kò ní gbé ọ ró bí o bá ń ra oúnjẹ Ìbàdàn kiri. Á tó díẹ̀ bí o bá ń jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ọjọ́ tí o bá débẹ̀, lọ kí baálẹ̀ kí o tó tú ẹrù.

Ìwọ tó ń retí ìwé ìpè báyìí, ọmọ Ìkálẹ̀ kò wọ́n ní Ìbàdàn, wọn kò wọ́n ní Èkó. Wá ọ̀kan lọ sílé rẹ̀. Kúnlẹ̀, ní kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kíni láàárọ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó ro pupuru fún ọ jẹ kí o tó lọ.