Kílámpù Mítà Tó Lè Kà Ju Bó Ṣe Ń Kà Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe sólà ní Ìdànrè, bóyá ẹ mọ UNI-T UT210E, mítà tó ń gbá wáyà mú, tó sì ń sọ iye iná tó ń gba inú ẹ̀ kọjá láìgé e. Ó ń ka nọ́ńbà dé 2000. Ṣíìpù tó ń ṣe ìṣirò nínú ẹ̀ lè ka 6000. Ilé iṣẹ́ ló dín in kù, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ṣíìpù ìrántí kékeré kan, 24C02, báìtì 256 péré. Àwọn kan ti fi CH341A tún un kọ.

Ó dùn, àbí? Àmọ́ inú 24C02 yẹn náà ni nọ́ńbà tí wọ́n fi tún mítà kọ̀ọ̀kan ṣe kó lè kà dáadáa wà. Tẹ́ ẹ bá da ti mítà ẹlòmíì sí i, tiyín lè máa parọ́: wáyà tí iná ti pọ̀ jù fún lè hàn bí èyí tí kò léwu. Ẹ yọ bátìrì, ẹ ka ohun tó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ kẹ́ ẹ tó yí báìtì kan.