Sẹ́ńsọ̀ Ọ́síjìn Lára Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́: Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Kú, Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀

Ọdún 1976 ni sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ṣe kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ títà, ìyẹn Volvo tí wọ́n ń kó lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1996, òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun níbẹ̀ ní ètò OBD-II, èyí tó ń fi nọ́ḿbà sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Òun ló fà á tí tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tó gba èbúté Àpápá wọlé fi ní ojú ihò tí riwáyà ń ki skánà bọ̀ lábẹ́ sítíárì.

Ara páìpù sàlẹ́ńsà ni sẹ́ńsọ̀ yìí máa ń wà, èéfín ló sì ń yẹ̀ wò. Kí pẹtiróòlù tó lè jó tán, ìwọ̀n epo kan ń fẹ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7. Bí epo bá pọ̀ jù, ọ́síjìn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù sínú èéfín, sẹ́ńsọ̀ á fi nǹkan bí 0.9 fólítì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Bí epo bá kéré, fólítì náà á já sí nǹkan bí 0.1. Kò lè ṣe èyí láìjẹ́ pé ó gbóná tó nǹkan bíi 300°C, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi híítà sínú rẹ̀. Oníwáyà kan tàbí méjì kò ní híítà. Oníwáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní in.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn: akéde ni sẹ́ńsọ̀, kì í ṣe òun ló máa ń dá ọ̀ràn tó ń kéde. Iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì á tàn, skánà á mú P0171 wá, wọ́n á ní sẹ́ńsọ̀ ti kú, onímọ́tò á sì gbọ̀nà ọjà Ládípọ̀ lọ láti ra òmíràn. Owó bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mí. Ohun tí P0171 ń sọ kò ju pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì lè ti ya, fíltà epo lè ti dí, páìpù sàlẹ́ńsà sì lè ti lu níwájú sẹ́ńsọ̀, kó máa fa afẹ́fẹ́ ìta mọ́ra. Kódà plọ́ọ̀gì tí kì í taná dáadáa ń jẹ́ kí ọ́síjìn tí kò jó kọjá sínú èéfín, sẹ́ńsọ̀ á sì kéde pé epo kéré. Òótọ́ ló sọ.

P0135 àti P0141 yàtọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ híítà sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì, kí ẹ sì wò ó bóyá eku ti jẹ wáyà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú ìsopọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi mítà wọn wáyà méjì tí àwọ̀ wọn jọra. Bí mítà kò bá mú nǹkan kan, híítà ti já, kò sí àtúnṣe.

Sẹ́ńsọ̀ kìíní wà níwájú kátálísì, ìyẹn àpótí tó ń fọ èéfín mọ́, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, fólítì ti kìíní gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò láìdúró, ti èkejì á sì fara balẹ̀. Bí èkejì náà bá ń sáré bíi kìíní, P0420 ò ní pẹ́ yọjú, kátálísì ló sì kàn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ni wọ́n ti gé kátálísì rẹ̀ tà láìjẹ́ kí olówó ọkọ̀ mọ̀. Bí ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, iná náà á tún tàn. Ẹ bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò kí ẹ tó náwó.

Kí ẹni tó ní Toyota Camry tí a ń pè ní Big Daddy kíyè sí i: lára ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà tí wọ́n ṣe é, sẹ́ńsọ̀ ti iwájú jẹ́ irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní A/F (afẹ́fẹ́ sí epo). Ìwọ̀n 0.1 sí 0.9 kò bá a mu, sẹ́ńsọ̀ lásán kò sì lè rọ́pò rẹ̀, bí ẹnu wọn tilẹ̀ wọ ihò kan náà.

Sẹ́ńsọ̀ tó ní híítà máa ń lò tó nǹkan bíi 160,000 kìlómítà. Gọ́ọ̀mù sílíkóònù tí kì í ṣe irú tí sẹ́ńsọ̀ lè fara dà, ọ́ìlì tó ń jó pọ̀ mọ́ epo àti omi rédíétọ̀ tó ń jò wọ inú ẹ́ńjìnnì a máa gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo olójé, tí ìpinnu Dakar ọdún 2001 mú kó kásẹ̀ nílẹ̀ ní gúúsù Sàhárà nígbà tó fi máa di 2006. Ẹ má ra èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn. Kò sẹ́ni tó mọ iye tó ti lò.

Láti tú u, ẹ jẹ́ kí páìpù lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná. Ẹ fín ọ́ìlì tó ń tú ìpata sí i nídìí, kí ẹ fi spánà 22 tó lanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tú u, kí wáyà lè ráyè kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ fi tuntun sí i, gíríìsì tó ń dènà ìlẹ̀pọ̀ kò gbọ́dọ̀ kan orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń yí wọlé nìkan ni ká fi pa, bí wọn kò bá ti fi pa á láti ilé-iṣẹ́. Ẹ má fi iná jó wáyà rẹ̀ pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń gba inú wáyà mí afẹ́fẹ́ ìta. Nǹkan bí 40 Nm tó láti fún un.

Ẹ wá pa nọ́ḿbà rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀ náà nínú ìlú àti lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ìgbà tí skánà bá fi hàn pé kọ̀ǹpútà ti parí àyẹ̀wò rẹ̀, tí nọ́ḿbà náà kò sì padà, ni kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tán.