Ìtúndíwọ̀n Ẹ́ńjìnnì Dísù Onítọ́bò àti Gíá Rẹ̀: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí

1. Ìfáàrà

Ohun tí ó ṣokùnfà àpilẹ̀kọ yìí ni gbólóhùn kan tí mo gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì kan ní Ṣàngó, ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ mi, tí ń lo epo dísù, tí ó sì ní tọ́bò àti gíá ọ́tò, kì í fẹ́ gun òkè Mọ́kọ́lá mọ́ bí èrò bá kún inú rẹ̀. Nígbà tí mo lọ gbà á padà lọ́wọ́ mẹkáníìkì náà, ó ní, ‘Ọ̀gá, mo ti bá yín fi agbára kún un.’ Òótọ́ ni ó sọ, nítorí ọkọ̀ náà ń gun òkè bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́jú. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù méjì tí gíá rẹ̀ fi jó. Mo padà tọ ọkùnrin náà lọ, ó sì fèsì pé òun kò fọwọ́ kan gíá rárá. Òótọ́ ni ó tún sọ.

Bí ẹnì kan bá sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí ọkọ̀ sì bàjẹ́, ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ tí ó lò wò. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà, agbára, ti ru ẹrù tí ó pọ̀ jù. Òun ni a fi ń pe ipá tí ń ti nǹkan, ipá tí ń yí nǹkan, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, okun inú epo, àti bí iṣẹ́ ṣe ń yá sí. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe nǹkan márùn-ún kò lè mọ èyí tí òun fi kún ọkọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe tuntun láàrin wa. Ní 1970 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì nínú ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984. Èkejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀, tẹ̀lé e ní 1990. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé méjèèjì dá lé. Ṣàngó kò jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn àti Pólítẹ́kíníìkì Ìbàdàn. Síbẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ni nípa ẹ́ńjìnnì nínú ọgbà wọn, Yorùbá sì ni ọmọ-iṣẹ́ mẹkáníìkì fi ń kọ́ ọ ní ìta.

2. Afẹ́fẹ́ àti Epo

Nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù, púlọ́ọ̀gì ni ó ń ṣáná sí epo. Ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an. Nígbà náà ni nọ́sù yóò tú epo sí i, tí epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó mú irú ẹ́ńjìnnì yìí ṣiṣẹ́ yọrí ní ìlú Augsburg ní 1897.

Kí kílógíráàmù epo dísù kan tó lè jó tán, ó ń fẹ́ nǹkan bíi kílógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.5. Bí a bá tú epo púpọ̀ sí i láìfi afẹ́fẹ́ kún un, èyí tí kò rí afẹ́fẹ́ jó yóò di èéfín dúdú, ooru inú ẹ́ńjìnnì yóò ga sí i, písítìnì sì lè yọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ òfin yìí tipẹ́. Bí iná agbẹ̀dẹ bá rọlẹ̀, kì í ṣe èédú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó sí i; ẹwìrì ni wọ́n fi ń fín in.

Ẹwìrì ni tọ́bò jẹ́. Alfred Büchi, ará Switzerland, ni ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1905. Èéfín tí ń jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Abẹ̀bẹ̀ kejì, tí ó wà lórí ọ̀pá kan náà, ń ti afẹ́fẹ́ wọlé. Abẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí lè yípo ju ìgbà 100,000 lọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Ní 1978 ni Mercedes-Benz gbé 300SD jáde, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe fún títà tí ó ní ẹ́ńjìnnì dísù àti tọ́bò.

Nítorí èyí ni a ṣe dábàá ẹwìrì ajèéfín. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì: gẹ́gẹ́ bí a ti rí apẹja láti ara a-, pa àti ẹja, bẹ́ẹ̀ ni a rí ajèéfín láti ara a-, jẹ àti èéfín. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má pe tọ́bò mọ́. Ṣùgbọ́n tọ́bò kò sọ nǹkan kan fún ọmọ-iṣẹ́. Ẹwìrì ajèéfín sọ fún un pé èéfín ni oúnjẹ ẹ̀rọ náà, afẹ́fẹ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a ya ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Ká ní ẹwìrì náà sọ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ di ìlọ́po méjì. Afẹ́fẹ́ tí ó wọlé ní ooru 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè gbóná dé nǹkan bí 120, ohun tí ó bá sì gbóná a máa ràn. Nítorí náà ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó dé inú sìlíńdà kò ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ lọ. Bí a bá là á kọjá nínú ohun tí yóò sọ ooru rẹ̀ di 60, ìwọ̀n náà yóò sún mọ́ ìlọ́po 1.8. Ohun tí ń ṣe èyí ni a pè ní amáfẹ́fẹ́tutù.

3. Agbára àti Ipá-ìyí

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí ní ìsọ̀. Lára ọkọ̀ àtijọ́, wọn a yí sukúrú pọ́ǹpù kí nọ́sù lè tú epo sí i. Lára ọkọ̀ ìsinsìnyí, wọn a tún òǹkà inú ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọpọlọ ọkọ̀ kọ. Òun ni ó ń pàṣẹ iye epo, àkókò tí yóò tú, àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́.

Ohun tí ọ̀nà méjèèjì ń fi kún jù lọ ni ipá tí ń yí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì. Èyí ni a pè ní ipá-ìyí, níbi tí ìyí ti jẹ́ ẹ̀yán fún ipá. A kò yan ìlọ́, nítorí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀ ni a ń lọ́. Ọ̀pá ẹ́ńjìnnì yíyí ni ó ń yí. Agbára yàtọ̀ sí i: òun ni ipá-ìyí tí a bá yíyára mọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ yìí:

(1) a. Ipá-ìyí 250 Newton-mítà, ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan: agbára jẹ́ kílówáàtì 52.
b. Ipá-ìyí 250, ìgbà 4,000: agbára jẹ́ kílówáàtì 105.
d. Lẹ́yìn iṣẹ́ mẹkáníìkì, ipá-ìyí 350, ìgbà 2,000: agbára jẹ́ kílówáàtì 73.

Bí mẹkáníìkì kò bá yí ohunkóhun padà ní ìgbà 4,000, agbára tí ó ga jù lọ nínú ọkọ̀ náà, 105, kò yẹ̀. Ẹni tí agbára nìkan wà lẹ́nu rẹ̀ yóò ní kò sí ewu. Ṣùgbọ́n ní ìgbà 2,000, ẹrù 100 ti wọ orí gíá.

4. Gíá

Ní 1905 kan náà ni Hermann Föttinger, ará Jámánì, gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tí ó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti gíá ọ́tò. Ó dà bí igbá méjì tí a kọjú wọn síra tí a sì bu òróró kún. Ẹ́ńjìnnì ń yí igbá kan, òróró tí èyí ń dà ń yí èkejì, abẹ̀bẹ̀ kan láàrin wọn sì ń dá òróró náà padà sí ọ̀nà tí ó yẹ. A pè é ní igbá-ìyí. Ìwà rẹ̀ kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́: nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó ń sọ ipá-ìyí di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ẹrù 100 tí a dárúkọ lókè lè di 200 kí ó tó dé inú gíá.

Nínú gíá fúnra rẹ̀, àwọn àwo pẹlẹbẹ ni ó ń di ara wọn mú, ìtẹ̀ òróró ni ó sì ń fún wọn pọ̀. A pè wọ́n ní àwo ìdìmú. Bí ipá-ìyí bá ju ìdìmú wọn lọ, wọn a máa yọ̀ lára wọn. Yíyọ̀ a di ooru, ooru a jó ara àwo, òróró a di dúdú, a sì máa rùn. Ohun tí ó ṣe ọkọ̀ mi nìyẹn. Kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mú ìtẹ̀ òróró ga, kí a fi àwo tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò bí ó bá yẹ, kí a sì mú òróró náà tutù. Bí gíá bá ní ọpọlọ tirẹ̀, ó yẹ kí a sọ ipá-ìyí tuntun fún un.

5. Orúkọ Iṣẹ́ Náà

Láti inú àlàyé yìí, ó hàn pé fífi agbára kún ọkọ̀ kò tó láti jẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà. Epo, afẹ́fẹ́, ooru, ipá-ìyí àti ìdìmú gíá ni a ní láti tún díwọ̀n pa pọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi dábàá ìtúndíwọ̀n. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìwọ̀nyí:

agbára: bí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣe ń yá sí
ipá-ìyí: ipá tí ń yí ọ̀pá
ìtẹ̀: bí afẹ́fẹ́ tàbí òróró ṣe ń tẹ ohun tí ó yí i ká
ẹwìrì ajèéfín: tọ́bò
amáfẹ́fẹ́tutù: ohun tí ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù
gíá aládàáyí: gíá ọ́tò, bí a ti ń sọ pé aládàáni
igbá-ìyí: ẹ̀rọ olóróró tí ó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ gíá aládàáyí
àwo ìdìmú: àwo tí ń di ara mú nínú gíá
ìtúndíwọ̀n: títún òǹkà ẹ́ńjìnnì àti gíá ṣe kí wọ́n bá ara mu

6. Ìgúnlẹ̀

A kò retí pé kí gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọlé lọ́jọ́ kan. Ìsọ̀ mẹkáníìkì ni yóò dán wọn wò, èyí tí kò bá sì dùn lẹ́nu ọmọ-iṣẹ́ yóò kú. Ṣùgbọ́n bí ìpín tí a ṣe láàrin agbára àti ipá-ìyí bá dúró, yálà pẹ̀lú orúkọ wa tàbí pẹ̀lú òmíràn, iṣẹ́ yìí kò já sásán. Ká ní ọ̀rọ̀ méjì wà lẹ́nu ọkùnrin Ṣàngó náà ni, ìbá ti sọ fún mi pé, ‘Ọ̀gá, mo ti fi ipá-ìyí kún un; ẹ jẹ́ ká wo gíá yín.’ Èmi náà ìbá sì ti mọ ohun tí mo ń sanwó fún.