Ibi Tó Yẹ Ká Ti Yára La Ti Ń Lọ́ra

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Káàkiri ilẹ̀ England, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń wo kọ̀ǹpútà wọn bí ẹni tó rí àǹjọ̀nnú. Pátákó pupa kan ti gba ojú ẹ̀rọ. Ó ní òun ti ti gbogbo fáìlì inú rẹ̀ pa. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á padà, kó san 300 dọ́là pẹ̀lú bitcoin. Tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá, owó á di ìlọ́po méjì. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ kan, ó parí nìyẹn. Àwọn dókítà ò rí àkọsílẹ̀ aláìsàn wò mọ́. Láwọn ibì kan, ṣe ni wọ́n ń darí ọkọ̀ tó gbé aláìsàn pàjáwìrì lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Àwọn nọ́ọ̀sì padà sídìí bírò àti ìwé. Nígbà tí wọ́n ka àdánù ọ̀hún níkẹyìn, nínú ẹgbẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba 236 tó wà ní England, nǹkan bí 80 ló fara gbá a, àdéhùn ìpàdé pẹ̀lú dókítà tí wọ́n sì fagi lé tó nǹkan bí 19,000.

WannaCry ni orúkọ ohun tó ṣe iṣẹ́ ibi yìí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé oògùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ni Microsoft ti fi àtúnṣe tó dí ihò tó gbà wọlé nínú Windows síta, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 59 ló wà láàárín oògùn àti àìsàn.

Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Apá kan wà nínú Windows tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn pín fáìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò. Apá yẹn ní ihò. NSA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti rí ihò náà tipẹ́. Wọ́n rọ irinṣẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì pa á mọ́ra. Irinṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn kan tó ń pe ara wọn ní Shadow Brokers, àwọn yẹn sì tú u síta fún gbogbo ayé ní oṣù Kẹrin ọdún 2017. Ẹni tó kọ WannaCry kàn ki irinṣẹ́ ọ̀hún bọ iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Britain ní àwọn ará North Korea ni. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá tẹ líǹkì. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá ṣí ímeèlì. Kọ̀ǹpútà kan á kó o ran èkejì, èkejì á kó o ran ẹ̀kẹta.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Ti kọ̀ǹpútà tún yàtọ̀ díẹ̀: ọjọ́ tí bíríkìlà bá wá lẹ ògiri ni gbogbo aláǹgbá àdúgbò máa ń mọ ibi tó ti lanu. Àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà bá gbé jáde kì í ṣe àṣírí. Àwọn olè tó mọṣẹ́ á tú u wò, wọ́n á fi wé ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì mọ ihò tí wọ́n ń dí gan-an. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tí kò tíì gba àtúnṣe náà ti wà ní gbangba. Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnì tó ń sọ pé òun á rán yín létí tó bá yá fi léwu ju bó ṣe rí lójú lọ.

Marcus Hutchins, ọmọ ọdún 22 tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Devon, ló dá WannaCry dúró. Ó rí i pé kí WannaCry tó ti fáìlì pa, ó máa ń kọ́kọ́ kan sí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan tó gùn gbọọrọ, tí kò nítumọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì rà. Hutchins fi dọ́là mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ra àdírẹ́sì náà, kó lè máa ka iye ẹ̀rọ tó ti kó o. Àṣé bí àdírẹ́sì yẹn bá ti lè dáhùn, WannaCry á jáwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ àfìgbà tó ṣe é tán. Irú oríire bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì: ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, òmíràn tó ń jẹ́ NotPetya gba ihò yẹn wọlé, kò sì sí àdírẹ́sì kankan tí èèyàn lè rà láti dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Mo mọ ohun tó ń mú wa sún àtúnṣe, ìyẹn update, síwájú. Dátà wọ́n. Iná lè lọ nígbà tó bá dé ìdajì. Ìgbà tí ẹ bá ń kánjú gan-an ni ẹ̀rọ á ní kí ẹ dúró, á wá máa yí róbótó bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn láyé. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀nà àbáyọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń gbé àtúnṣe oṣooṣù jáde. Ẹ ra dátà òru, tó sábà máa ń dínwó, kí bátìrì kún, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa gbà á nígbà tí ẹ bá sùn. Nínú ètò Windows Update, ẹ lè sọ àwọn wákàtí tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ fún un, kó má bàa pa ara rẹ̀ kó tún tan ara rẹ̀ mọ́ yín lójú.

Èyí tó le jù ni Windows tí kì í ṣe ojúlówó. Ẹ ra láptọ́ọ̀pù tokunbo, ọmọkùnrin tó bá yín tún un ṣe fi Windows tí wọ́n ti "crack" sí i, ó sì pa update rẹ̀ kó má bàa máa béèrè ìwé ẹ̀rí. Ìtọ́ni tó ń bá irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ rìn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: ẹ kọ́kọ́ pa antivirus. Ẹni tó bá ní kí ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, ṣé ẹ ò ní béèrè ohun tó gbé sábíyá? Tí owó Windows bá ju agbára lọ, Linux Mint wà lọ́fẹ̀ẹ́. LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún lẹ́tà àti ìṣirò. Àwọn méjèèjì ló ń gba àtúnṣe láìjí i. Ní ti antivirus, mi ò rí ìdí tí ìdílé fi gbọ́dọ̀ fowó rà á. Láti ọdún 2012 tí Windows 8 ti jáde ni Microsoft ti kó tirẹ̀, Defender, mọ́ Windows, ó sì tó fún iṣẹ́ ilé bí ẹnikẹ́ni ò bá pa á.

Ọ̀rọ̀ Windows 10 wá ń fẹ́ ojú mìíràn. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró. Àwọn tó bá forúkọ ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ọdún kan kún un fún, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò kú o. Ó ń tan, ó ń kọ lẹ́tà, kò sì yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú update mọ́, ohun tí àwọn kan tiẹ̀ ń pè ní ìsinmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n bá rí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ò ní bíríkìlà. Kí ẹ tó sanwó láptọ́ọ̀pù tokunbo lónìí, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó gba Windows 11. Tí Intel tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ò bá tó ohun tí wọ́n ń pè lọ́jà ní "8th gen", kì í sábà gbà á.

Fóònù náà ò yàtọ̀. Nínú Settings ti Android, ẹ máa rí ọjọ́ tí ó gba àtúnṣe ààbò kẹ́yìn. Tó bá ti lé ní ọdún kan, tí kò sì sí òmíràn tó ń bọ̀, ẹ má fi fóònù yẹn ṣe ọ̀rọ̀ báńkì mọ́.

Ohun kejì tí a máa ń sún síwájú ni àdàkọ fáìlì. Àwọn tó sanwó fún WannaCry, ọ̀pọ̀ wọn ò rí nǹkan kan gbà padà. Ẹni tó ní àdàkọ sínú hard drive mìíràn kàn nu ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, ó sì kó ẹrù rẹ̀ padà síbẹ̀ ni. Ohun kan péré ló ń ba ìyẹn jẹ́: ká fi hard drive náà sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ohun tó bá ti fáìlì kọ̀ǹpútà pa máa ti tinú hard drive náà pa. Bí ẹ bá ti dà á kọ tán, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Àwọn fọ́tò ìgbéyàwó, ìsìnkú bàbá, ìwé ilẹ̀ tí ẹ yà sí kọ̀ǹpútà: kí ẹ̀dà kan tún wà lẹ́yìn òde ilé, nítorí iná tó bá jó yàrá ò ní mọ èwo ni àdàkọ.

Ní ti páásíwọ́ọ̀dù, ibi tí kò pọn dandan la ti sáré jù. Lọ́dún 2003, Bill Burr, òṣìṣẹ́ àjọ ìdíwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NIST, kọ ìlànà kan: ẹ da lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì pọ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Gbogbo ayé tẹ̀ lé e. Kí làwọn èèyàn wá ṣe? Wọ́n kọ Ibadan1!, nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di Ibadan2!. Lọ́dún 2017, Burr tó ti fẹ̀yìn tì sọ fún oníròyìn pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Lọ́dún yẹn náà ni NIST yí ìlànà padà. Gígùn ló ṣe pàtàkì, ẹ kò sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀ àyàfi tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan, irú bí agbọ̀n, rélùwéè, àlùbọ́sà, ọ̀sán, le ju Ibadan2! lọ fíìfíì. (Ẹ má lo mẹ́rin yìí, gbogbo òǹkàwé ló ti rí i.) Ti ímeèlì ni kí ẹ má fi jọ tibòmíràn rárá, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo yòókù ń fi ọ̀nà àtiwọlé tuntun ránṣẹ́ sí. Tí ẹ ò bá lè rántí, áàpù bíi Bitwarden á bá yín pa á mọ́. Màmá tí kò fẹ́ áàpù lè kọ ọ́ sínú ìwé, kó fi sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Olè tó wà ní òkè òkun ò lè ṣí àpótí yẹn.

Àwọn gbájúẹ̀ mọ àléébù wa yìí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé a máa ń lọ́ra níbi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀ wá, torí náà wọ́n ń mú wa kánjú níbi tó yẹ ká ti sinmẹ̀dọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi kọ ọ́ wá, àsìkò rẹ̀ ti fẹ́ tán." Orúkọ ọ̀rẹ́ yín ló wà lórí rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ ni. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín. Bí ẹ bá ti fi lé e lọ́wọ́, á wọlé, á ti yín síta, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn tó mọ̀ yín pé ẹ wà ní ọsibítù, kí wọ́n tètè fi owó ránṣẹ́. Èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì ńkọ́? Á ní láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá káàdì yín á dákú bí ẹ ò bá ka kóòdù tó wọlé fún òun. Update ò lè dí ihò yìí.

WhatsApp ní PIN kejì tó lè dí apá kan rẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Account, ẹ tan Two-step verification, kí ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Ẹni tó bá gba kóòdù orí fóònù yín á ṣì kan ilẹ̀kùn yẹn. Tí "báńkì" bá pè, ẹ já ìpè náà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM. Tí "ọmọ yín" tó wà ní Manchester bá sì kọ̀wé lọ́gànjọ́ pé òun nílò owó kíákíá, ẹ bi í ní oríkì tí ìyá àgbà fi ń pè é. Bó bá ní kò sáyè ìyẹn báyìí, ẹ pe ọmọ náà lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ń pè é tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.