Kí Ni Àwọ̀ Ń Fi Pamọ́ Lórí Máàpù Ìbò?

Nígbà tí èsì ìbò ààrẹ ọdún 2023 jáde, máàpù Nàìjíríà aláwọ̀ oríṣiríṣi gba orí ayélujára kan. Mo fẹ́ràn irú àwòrán bẹ́ẹ̀, nítorí ojú kì í pẹ́ lóye rẹ̀. Ewu rẹ̀ náà sì nìyẹn.

Ẹ wo Èkó. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ní ìbò 582,454. APC ní 572,606. Ìbò 9,848 péré ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kun ìpínlẹ̀ náà, bí ẹni pé ẹnu gbogbo ará Èkó kò.

Ẹ tún wo ìpínlẹ̀ Niger, tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù lọ. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta; ti Èkó, tó rí bíńtín lórí máàpù, lé ní mílíọ̀nù méje.

Irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kí aládùúgbò máa wo aládùúgbò bí ọ̀tá. Mo rọ àwọn oníròyìn kí wọ́n máa kọ iye ìbò sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ẹ tó fi máàpù ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: èèyàn mélòó ló wà lábẹ́ àwọ̀ yìí?